Góòlù tó ń dán àbí èyí tí kò dán lára káàdì ìgbéyàwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ káàdì ìgbéyàwó, ẹ kọ́kọ́ mọ irú bébà tẹ́ ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó yan fọ́ìlì, ìyẹn awọ góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ mọ́ bébà. Èyí tó ń dán ń ṣe bíi dígí: bébà tó tẹ́jú, tó jọ̀lọ̀ ló fẹ́. Lórí bébà tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ṣe ló máa ń hàn gbágungbàgun. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó tí a kọ gàdàgbà ló yẹ jù, pàápàá lórí bébà dúdú.

Àdírẹ́sì àti déètì ńkọ́? Fọ́ìlì tí kò dán ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́, torí iná kì í kọ lára rẹ̀ débi tí kò ní ṣeé kà. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, kí lẹ́tà má kéré sí 7 point, kí ìlà má sì tín-ín-rín ju 0.3 mm lọ. Bí irin bá gbóná jù, inú "e" àti "a" á dí. Bí kò bá gbóná tó, fọ́ìlì á máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò lórí bébà yẹn gan-an, kẹ́ ẹ fi èékánná ha á. Ẹ má gba fọ́tò orí WhatsApp o. Góòlù dídán sábà máa ń dúdú nínú fọ́tò.