Tí sudoku líle bá há yín

Ẹ̀yin ará wa tá a jọ máa ń jókòó ti sudoku (eré tá a ti ń fi nọ́ńbà 1 sí 9 kún àwọn ojú tó ṣófo, tí nọ́ńbà kan ò sì gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà kan tàbí àpótí olójú mẹ́sàn-án kan) nírọ̀lẹ́ ní Lágéré, n'Ífẹ̀ níbí, mo rí i pé bó bá ti le, ìméfò lọ̀pọ̀ wa ń bọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má méfò mọ́.

Ẹ fi pẹ́ńsù (báírò kọ́ o!) kọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣì lè wọ ojú kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, wínníwínní. Bí ojú méjì nínú àpótí kan bá gba 4 àti 9 nìkan, ẹ pa 4 àti 9 rẹ́ láwọn ojú yòókù inú àpótí náà. Ìyẹn rọrùn.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí ni ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní X-Wing. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ká ní 7. Ní ìlà ìbú kejì, ojú kẹta àti ìkẹfà nìkan ló lè gbà á. Ní ìlà ìbú kẹjọ, bákan náà ni: ìkẹta àti ìkẹfà. Tí 7 bá wà lójú kẹta lókè, ìkẹfà ló máa wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìkẹfà lókè, ìkẹta ni nísàlẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ìlà òòró kẹta àti ìkẹfà ti ní 7 tiwọn nìyẹn. Ẹ wá pa 7 rẹ́ níbi yòókù nínú ìlà òòró méjèèjì. Ibẹ̀ lọ̀nà sábà máa ń là.

Bí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ò bá tó 17, ẹ sọ ìwé náà nù. Ìdáhùn rẹ̀ ò lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.