Ẹ Má Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Láti Òfo: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Àwọn Fásitì Bá Pawọ́ Pọ̀ Kọ Sọ́fítíwíà Àkọsílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn létí ní ìpàdé. Fásitì mẹ́rin tàbí márùn-ún ń san owó gọbọi lọ́dọọdún fún ilé-iṣẹ́ tó ni pọ́tàlì tí wọ́n fi ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi ń gba máàkì wọlé, tí wọ́n sì fi ń tẹ transcript. Ẹnìkan á wá ní: kí ló dé tí a ò kó owó yìí jọ, kí a kọ tiwa, kí a sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó? Tọkàntọkàn ni mo fi wà lẹ́yìn èrò náà. Kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ kankan lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ torí pé owó ọdún yìí pẹ́ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n lówó lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀mọ̀wé, síbẹ̀ iṣẹ́ náà já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó tọ́ kí a mọ ibi tó ti já.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òfo

Ní Amẹ́ríkà, àwọn fásitì kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2004 tí wọ́n ń pè ní Kuali. Fásitì Indiana wà lára àwọn tó ṣíwájú, àjọ Mellon sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Sọ́fítíwíà ìṣirò owó fásitì ni wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, ó sì yọrí. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sábà mẹ́nu bà ni pé Indiana ti ní ètò ìṣirò owó tirẹ̀ tó ń lò lójoojúmọ́, orí èyí ni wọ́n sì kọ́ ti gbogbogbòò lé. Èyí tí wọ́n ṣe fún àbójútó owó ìwádìí náà rí bẹ́ẹ̀: fásitì MIT ti ń lo Coeus, sọ́fítíwíà tirẹ̀ fún iṣẹ́ náà, tipẹ́ kí ẹgbẹ́ náà tó gbà á.

Ní 2007 ni wọ́n wá kọjú sí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pè é ní Kuali Student. Fásitì British Columbia ní Kánádà ló léwájú. Berkeley, Maryland, Florida State àti Southern California wà lára àwọn tó bá wọn dá a sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbé ètò tó ń ṣiṣẹ́ wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà rò láti ìpìlẹ̀, kí ó lè bá gbogbo irú ilé-ìwé mu. Kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ríjísítírà tó rí ojú ìwé kan tó lè tẹ nǹkan sí, àwọn ayàwòrán ètò, ìyẹn àwọn tó ń pinnu bí sọ́fítíwíà yóò ṣe rí kí wọ́n tó kọ ọ́, ti kọ àdéhùn jàǹrẹrẹ nípa bí apá kan sọ́fítíwíà náà yóò ṣe máa bá apá kejì sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ Google Web Toolkit ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n fi KRAD, irinṣẹ́ tí Kuali fúnra rẹ̀ ń ṣe, tún un ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n ti parí di àtúnṣe, wọ́n sì tún ń dúró de irinṣẹ́ tí kò tíì gbó.

Apá tó kọ́kọ́ jáde ni èyí tí wọ́n fi ń ṣètò kọ́ọ̀sì àti ìlànà ẹ̀kọ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ àti máàkì, tó jẹ́ ohun tí fásitì kò lè ṣe aláìní, kò tíì sí níbẹ̀. Berkeley jáde kúrò, ó sì lọ ra PeopleSoft, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń tà, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Oracle. British Columbia tó jẹ́ aṣáájú náà padà gba Workday, tí òun náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ olówò. Odidi ètò tí wọ́n ṣèlérí ní 2007 kò jáde.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: kí ẹ tó pe ayàwòrán ètò kankan, ẹ bi ara yín nínú yín ta ló ti ní nǹkan tó ń lò. Ó lè má lẹ́wà. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ kan ní ẹ̀ka Computer Science ló fi PHP, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, kọ ọ́ ní ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. Bó bá ti gba máàkì wọlé, tó sì ti tẹ transcript tí fásitì ilẹ̀ òkèèrè gbà, ó ju ètò tuntun tó ṣì wà lórí ìwé lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Poland nìyẹn. Fásitì Warsaw ló ṣíwájú kíkọ USOS, ètò àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ní nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀pọ̀ fásitì mìíràn níbẹ̀ sì jọ ń lò ó. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lò ó.

Ẹ má kan òfin ilé-ìwé kan mọ́ inú kóòdù

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Fásitì Ibadan ń lo ìwọ̀n CGPA (àròpín máàkì akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀) tó ga jù ní 7, nígbà tí Ifẹ̀ ń lo 5. Bí ẹni tó ń kọ kóòdù bá wá láti Ifẹ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé A jẹ́ 5, ó parí. Ẹni tó jáde ní Ibadan ní 1998 á wá béèrè fún transcript lónìí, ẹ̀rọ á sì fi òfin Ifẹ̀ ṣírò CGPA rẹ̀. Kíláàsì tí sẹ́nétì fásitì fún un lè yí padà láìsí ẹni tó mọ̀, títí tí ilé-ìwé òkèèrè á fi kọ̀wé padà pé èyí kò bá ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ àwọn mu.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú máàkì àti lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí sẹ́nétì ṣe fọwọ́ sí i. Ẹ kọ iye yúnìtì kọ́ọ̀sì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe rí ní ọdún yẹn, torí yúnìtì máa ń yí padà bí wọ́n bá tún ìlànà ẹ̀kọ́ ṣe. Kí òfin ìṣirò wà lọ́tọ̀, kí ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè kọ tirẹ̀ síbẹ̀ láìfọwọ́ kan kóòdù. Bákan náà ni fún carry-over, fún iye yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sẹ̀mẹ́sítà kan, àti fún ẹni tó gba àyè ìsinmi ọlọ́dún kan.

Ẹ má fojú kéré orúkọ ènìyàn

Sọ́fítíwíà tí wọ́n bá kọ níbi tí orúkọ kò ti ní àmì máa ń ba orúkọ wa jẹ́, ó sì ń dùn mí. Ẹ wo Fẹ́mi. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Àmì ohùn ni a máa ń fi lé ẹ lórí. Akọ̀wé kan lè tẹ ẹ kó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é, kó wá fi ààmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni, ẹni tó bá wá èkíní kò ní rí èkejì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ń di ènìyàn méjì nìyẹn, tí owó ilé-ìwé á wà lórí ọ̀kan, tí máàkì á wà lórí èkejì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí sọ́fítíwíà sọ gbogbo orúkọ di irú kan ṣoṣo, èyí tí Unicode ń pè ní NFC, kí ó tó fi pa mọ́, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ láti fi wá nǹkan.

Ẹ́ kan ṣoṣo gba báìtì 5 (báìtì ni ìwọ̀n àyè tí ẹ̀rọ fi ń pa nǹkan mọ́) ní UTF-8, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti fi Unicode pa ọ̀rọ̀ mọ́. Bí àyè orúkọ bá jẹ́ báìtì 20, orúkọ gígùn tó kún fún àmì á gé lẹ́nu. Bí ibi ìpamọ́ náà bá sì jẹ́ ti àtijọ́ tí kò mọ Unicode, àmì ìbéèrè ni ẹ ó bá nínú orúkọ náà, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá a padà.

Ẹ ṣọ́ra fún Excel pẹ̀lú. Nọ́ńbà matric tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, bíi 050312, á di 50312 bí ẹnìkan bá fi Excel ṣí fáìlì CSV (fáìlì àkọsílẹ̀ tí kọ́mà pín) náà, tó sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà matric sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe sí iye.

Ẹ má fi àkọsílẹ̀ gidi dán kóòdù wò

Kóòdù ló ṣí sílẹ̀, àkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹni tó ń yára lè gbé ẹ̀dà ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ sí GitHub, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń pín kóòdù, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé kejì lè bá a wo ibi tó ti ń yọnu. Bó bá pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò tíì kúrò: git, irinṣẹ́ tí GitHub ń lò, ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà, ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sì ti ní in. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà ń jáde lọ́nà yìí. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, fi ojúṣe èyí lé fásitì lọ́rùn. Ẹ ṣẹ̀dá akẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí orúkọ wọn ní àmì, tí àwọn kan nínú wọn ní carry-over, tí àwọn kan yí ẹ̀ka padà.

Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni

Owó láìsẹ́ǹsì nìkan ló kúrò. Sáfà, iná, ẹ̀dà ìpamọ́, àti owó oṣù àwọn tó ń tún un ṣe ṣì wà. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni kí wọ́n gbé kóòdù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bí iṣẹ́ àkànṣe. Wọ́n lè kọ ọ́ dáadáa o, ṣùgbọ́n wọ́n á jáde, wọ́n á lọ sìn ìlú ní NYSC, ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ní sí mọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì mẹ́rin náà kò lè fi alẹ́ nìkan gbé e ró. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ, kí ó sì wà nínú ìṣúnná owó wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gé ẹ̀dà tirẹ̀ lọ

Bí wọ́n bá ti pín kóòdù, ilé-ìwé A á yí ojú ìwé kan padà, B á yí òmíràn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àtúnṣe ààbò tí A ṣe kò ní wọ inú ti B mọ́, ìṣọ̀kan sì ti tú láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé kan bá nílò, kí wọ́n gbé e padà sínú èyí tí gbogbo wọn jọ ń lò, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àfikún tó dá dúró.

Ẹ má fi láìsẹ́ǹsì àti ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ di ọ̀la

Ní 2014, Kuali kéde pé àwọn fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ olówò sílẹ̀ láti máa bá iṣẹ́ náà lọ. Kóòdù tó wà lábẹ́ láìsẹ́ǹsì ECL, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó bó ṣe wù ú, bọ́ sábẹ́ AGPL, tó ní kí ẹni tó bá yí i padà, tó sì fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún wọn ní kóòdù àyípadà náà. Inú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò dùn sí i. Èmi ò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà burú. Ó wà títí di òní. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n ti dáhùn ní ọjọ́ kìíní, ta ló ni ohun tí a jọ kọ, ta ló lè yí òfin rẹ̀ padà, ọdún kẹwàá ló tó bẹ́ sí gbangba.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí inú gbogbo yín ṣì ń dùn. Fásitì tó bá fẹ́ jáde, oṣù mélòó ni yóò fi sọ ṣáájú? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ tó fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà? Orúkọ sọ́fítíwíà náà àti àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ta ló wà? Kí àdéhùn náà sì ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nígbàkígbà, ní irú tí ètò mìíràn lè kà. Ẹ dán èyí wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ọ́fíìsì ríjísítírà: ẹ kó o jáde, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tó ṣófo, kí ẹ sì tẹ transcript akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá láti inú rẹ̀ kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú fáìlì.