Ẹ Má Fa Hammock Le Bí Okùn Aṣọ

Ọdọọdún ni mo ń rí àwọn tó ń so hammock, aṣọ àsorọ̀ tí a ń sùn sí, mọ́ mọ́tò ní etíkun Padre Island, nítòsí Corpus Christi ní Texas, níbi tí wọ́n ti gbà wá láyè láti wa mọ́tò gba orí iyanrìn lọ pàgọ́. Igi kò sí níbẹ̀. Iyanrìn, koríko, òkun, ó parí. Wọ́n á ti náwó ra hammock kí wọ́n tó dé ibẹ̀ rí i pé kò síbi tí wọ́n máa so ó mọ́. Ni wọ́n á bá yíjú sí mọ́tò. Èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀.

1. Ẹ má so ó mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Mi ò ní ṣàlàyé.

2. Irin orí mọ́tò. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Hammock kì í tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń fà á sí. Ọ̀pọ̀ irin yìí ni kì í gbà ju nǹkan bí 75 kílò lọ. Ẹ wo ìwé mọ́tò yín. Lọ́jọ́ tí mo so tèmi mọ́ ọn, mo gbọ́ "kà!", mo bá ara mi nílẹ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín tán kó tó bi mí bóyá mo fara pa. Ojú ihò tí bóòtù ti yọ lórí mọ́tò, títí mo fi tà á ni òjò ń gbabẹ̀ jò sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

3. Fífà á le. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú! Ẹni tó sá aṣọ dàgbà rò pé okùn tó le ló dáa. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin àti àbúrò yín jọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi láti ibi ẹ̀rọ: tí ẹ bá sún mọ́ra, ó rọrùn, tí ẹ bá jìnnà síra, ọwọ́ á fẹ́ẹ̀ já. Bákan náà ló rí. Ká ní ẹ tó 90 kílò. Bí okùn bá dagun ní 30 dígírì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba 90 kílò. Bí ẹ bá fà á dé 10 dígírì, ó di nǹkan bí 260. Ní 5 dígírì, ó ti lé ní 500! Mọ́tò wo ló rán yín níṣẹ́ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó fi ẹ̀rọ ìdi-ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù fa tiwọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀." Wọ́n ní àwọn ti ń di ẹrù kí wọ́n tó bí mi. Òpó irin wọn ti tẹ̀ bí ọ̀pá ìpẹja kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n jókòó. Òpó fò yọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí wọn kọjá, ó wọ ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ̀rù pé ìdí á kanlẹ̀ ló ń jẹ́ ká fà á. Ibi tí ẹ so ó sí ni kí ẹ gbé ga. Èmi ń lo irin gíga tó ń wọ ihò tí wọ́n fi ń fa tírélà lẹ́yìn mọ́tò. Ẹ na àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni mú ìbọn: láti orí ìka kan sí èkejì ni kí okùn gbà, nǹkan bí 30 dígírì nìyẹn.

Òpó nínú iyanrìn kì í dá dúró, bó ti wù kí ẹ rì í tó. Ẹ fi okùn fà á sẹ́yìn, kí ẹ so okùn náà mọ́ pátákó tàbí àpò iyanrìn tí ẹ bò mọ́lẹ̀ ní ìbú. Ìṣó àgọ́ lásán á yọ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ má so ó mọ́ tírélà òfìfo tí ẹ ti tú lẹ́yìn mọ́tò: ó ń yí, ó sì ń dojú dé. Ẹ má tú u kúrò lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ sì fi nǹkan dí táyà.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nítorí A/C nígbà tí ẹnì kan bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ó ń pani.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ẹni tó wà nínú hammock ni kó mú un dání. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ yára lọ ra yìnyín, mo sì ń sun oorun ọ̀sán lẹ́yìn mọ́tò. Ó ti wọ jíà kí n tó pariwo. Látìgbà yẹn, ọrùn ni mò ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ìyàwó mi ní mo jọ wọ́dà.