Bí mo ṣe gba tòmátì ẹ̀yìnkùlé mi lọ́wọ́ òjò

Òjò oṣù kẹfà ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣeré. Omi òrùlé ń ya lu tòmátì mi, ewé ìsàlẹ̀ wọn ń pọ́n, àmì dúdú sì kún ara wọn. Kì í ṣe kòkòrò: erùpẹ̀ tí òjò ń ta sókè ló ń gbé àrùn sára ewé.

Mo la ojú àgbàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo kọ ebè ga sí i, mo já ewé tó ti bàjẹ́ dànù, mo sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Koríko yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi, kó má baà rà. Màmá aládùúgbò ní kí n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ nìyẹn wà fún, ẹ̀yin màmá. Ewé tuntun ti ń yọ, kò sí àmì kankan lára wọn.