Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ sínú igbó ọba tó wà nítòsí yín, ẹ má dúró de kátápílà

Abúlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà létí igbó ọba kan, kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn. Lọ́dún kan wọ́n ṣàdédé rí èèkàn onígi tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lórí, ó tò gbọọrọ láti etí odò wọnú igbó lọ. Bàbá ní àwọn sọ́fíyọ̀ ló ń wọnlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ń bọ̀ níbẹ̀. A kó ara wa jọ, a kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin, a ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ Mọ́ńdè, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo kàlẹ́ńdà ẹ̀, ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o bàbá, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti pa gbígba lẹ́tà dé."

Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Tẹ́ ẹ bá rí kátápílà, ìwé ti rìn tipẹ́, ibi tí ìwé ti ń rìn lẹ ti lè dá a dúró. Èèkàn aṣọ pupa yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Gbogbo igbó kọ́ ni igbó ọba o. Kí igbó tó di rìsáàfù, ìjọba á ti kọ ọ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, pẹ̀lú ààlà ẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ apá kan kúrò, ìwé náà ni wọ́n máa fi yọ ọ́, ẹnu lásán ò tó. Ẹ wo igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí wọ́n ń pè ní J4, tí erin ṣì wà títí dòní: láti 1925 ló ti wà nínú ìwé ìjọba, ní 1946 wọ́n tún fi hẹ́kítà 460 nínú ẹ̀ pamọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nígbà tó di 1977 UNESCO fi orúkọ ẹ̀ sínú àwọn igbó tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Igbó tó ní irú ìtàn báyìí, ẹ ti lóhun tẹ́ ẹ máa kọ sójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí igbó ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ béèrè gásẹ́ẹ̀tì àti máàpù. Kí ọ̀dọ́ kan sì gbé fóònù lọ síbi èèkàn kọ̀ọ̀kan, kó ya fọ́tò ẹ̀, kó kọ nọ́ńbà tí máàpù fóònù bá gbé wá sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi wé ààlà tó wà nínú ìwé.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dáko nínú igbó ọba, àwọn fúnra wọn ò ní ìwé àṣẹ, ilé-iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n á sì kọ́kọ́ fi pa yín lẹ́nu mọ́ nìyẹn: "ṣebí ẹ̀yin náà wọ igbó ìjọba." Ẹ má bẹ̀rù. Òfin ò ní kó o ní ilẹ̀ kó o tó lè sọ̀rọ̀, ará ìlú ni gbogbo wa.

Òfin tí mo ń sọ ni òfin EIA, nọ́ńbà 86 ti 1992. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n tó gba irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ láyè, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ohun tó máa fà bá ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti èèyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì fún ará ìlú láyè láti fèsì kí wọ́n tó ṣèpinnu. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí kò tó kìlómítà 3 sí ilé àwọn èèyàn náà wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á gbé ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí àyíká àti ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á sì kéde ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, lẹ́tà tíntín, lábẹ́ ìpolówó ọkọ̀ títà. Ta ló ń ka ibẹ̀? Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ ẹ̀ á jẹ́ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń dé sẹkitéríàtì lọ béèrè. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ka 21 yẹn sórí kàlẹ́ńdà, ẹ yọ Sátidé, Sọ́ńdè àti họ́lídè kúrò, ẹ wá fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún ìdádúró. Tàwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ìwé ò sí lọ́wọ́ àwọn, òfin FOI ti 2011 wà, òun ló fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ò ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè ní kí ẹlòmíì bá òun béèrè. Tẹ́lẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin yìí ò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní April 2025 kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ti ní ó kan gbogbo wọn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ìwé náà á nípọn bíi Bíbélì, gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Òfin fúnra ẹ̀ ní kí àkékúrú tó máa yé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹranko àti odò, kẹ́ ẹ wo oṣù tí wọ́n wá. Tó bá jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n wá, wọ́n á ti kọ ọ́ pé odò kékeré ni, ẹ̀yin sì mọ ibi tí omi ẹ̀ máa ń dé ní oṣù September. Ẹ wò ó bóyá wọ́n tiẹ̀ wo ibòmíì tó yàtọ̀ sí igbó yẹn. Kẹ́ ẹ wá ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí orúkọ àwọn tó wá sí mítìn tí wọ́n pe ará ìlú sí wà, kẹ́ ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè yà yín lẹ́nu pé orúkọ ẹni tó ti kú wà níbẹ̀.

Tó bá kan lẹ́tà, ẹ má fi èpè kún un, ẹ má kọ "a ò fẹ́" kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ojú ewé báyìí nínú ìwé yín ní kò sẹ́ni tó ń mu omi odò yìí. Ilé báyìí báyìí ló ń pọn ọ́n lójoojúmọ́, fọ́tò wọn rèé, ọjọ́ tá a yà á rèé." Ẹni tó bá rí erin tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tẹ́ ẹ máa mú bọ̀ wálé. Tí wọ́n bá ní òǹtẹ̀ ò sí, ẹ jókòó. Ẹ mú omi dání.

Mítìn ńkọ́? Ẹ lọ, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n máa ń ní kéèyàn sáìn kó tó gba ráìsì àti owó mọ́tò, torí ẹni tó sáìn lè wá rí orúkọ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìlú fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín pé "mi ò fara mọ́ ọn", kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò bébà yẹn. Àwọn ará Lamu ní Kẹ́ńyà, ọ̀rọ̀ mítìn gan-an wà lára ohun tí wọ́n fi borí. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo èédú síbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 1,050, wọ́n ti gba láísẹ́ńsì ní 2016, ṣùgbọ́n ní June 2019 ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká fagi lé e, wọ́n ní àwọn mítìn tí wọ́n ń ṣe kiri, kí àyẹ̀wò tó parí ni, kí lará ìlú fẹ́ fèsì sí nígbà yẹn?

Ẹ má sì bá àwọn ọmọ yín tó ń wá iṣẹ́ jà o. Ọ̀pọ̀ ìjà báyìí, ibẹ̀ ló ń fọ́ sí, àwọn ọ̀dọ́ á ní àgbà ò fẹ́ káwọn jẹun, àwọn àgbà á ní wọ́n ti gbowó. Ẹ béèrè pa pọ̀ pé iṣẹ́ mélòó, fún ta ni, fún ọdún mélòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Tó bá dé kọ́ọ̀tù, ẹ mọ̀ pé láti 2018 ni kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ti ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́ láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni nǹkan náà pa lára, nítorí náà ẹ wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ìtanràn tó wà nínú òfin 1992 yẹn ò tó nǹkan, mílíọ̀nù kan náírà ló pọ̀ jù fún kọ́ńpìnnì, ẹ má gbé ọkàn lé e, àṣẹ pé kí iṣẹ́ dúró ni kẹ́ ẹ lé. Àwọn ará Ekuri ní Cross River ò tiẹ̀ dúró de kọ́ọ̀tù nìkan: nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ la ọ̀nà kìlómítà 260 gba inú igbó wọn kọjá, tí wọ́n tún fẹ́ gba ilẹ̀ kìlómítà 10 lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, àwọn èèyàn tó lé ní 253,000 ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú wọn, ní 2017 ìjọba jáwọ́ nínú kìlómítà 10 yẹn.

Ìwé tiwa ṣì wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní òǹtẹ̀ kankan lára.