Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìtọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀, Apẹja àti Ìdílé Tó Ń Gbé Létí Odò

Bí ọmọ iléèwé bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní abúlé tó wà létí odò tàbí létí dáàmù, àtọ̀sí ajá ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn àgbàlagbà kan máa ń sọ pé ọmọkùnrin náà ń bàlágà ni, bí ọmọbìnrin ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aràn ni ó ń fà á, aràn náà sì ní oògùn.

Ẹni tí aràn yìí wà lára rẹ̀ ní ń tọ ẹyin rẹ̀ sínú omi. Bí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ yóò wọ inú ìgbín omi kékeré kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ewéko létí omi, yóò máa pọ̀ sí i níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí yóò tú jáde lójú ọ̀sán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń gba awọ ara wọlé, ì báà má sí egbò lẹ́sẹ̀. Àwọn tó bá dàgbà nínú wọn a máa gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin wọn, tó ní ẹ̀gún ní ìdí kan, ni ó ń gún àpò náà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, pàápàá níparí ìtọ̀. Omi tí kò ṣàn púpọ̀ ni ìgbín náà fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àrùn yìí fi gbilẹ̀ láàárín àwọn tó tẹ̀dó sí etí dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí wọ́n sé odò náà ní ọdún 1983.

Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ìtọ̀. Ìtọ̀ tí a tọ̀ láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ó dára jù, kí ó sì gba èyí tó kán kẹ́yìn sínú ike, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin pọ̀ sí. Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, 40 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà hóró méjì oní-600 ni ọmọ tó wọn kílò 30 yóò lò, lẹ́yìn oúnjẹ. Kápúsù aláwọ̀ méjì tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà kì í pa aràn; owó ṣòfò ni. Praziquantel pàápàá kì í pa aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn bí oṣù méjì.

Àrùn yìí kì í ràn nípa ìbálòpọ̀, kò sì yẹ kí ìyá kankan fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú. Nínú obìnrin, ẹyin náà lè dá egbò sí ojú ara, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní àrùn mìíràn. Kí obìnrin tó bá ní irú egbò bẹ́ẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì pé odò ni òun ti ń fọṣọ.

Oògùn nìkan kò tó bí ìtọ̀ bá ṣì ń lọ sínú odò. Kí gbogbo ilé máa lo ṣáláńgá, kí àgbẹ̀ wọ bàtà rọ́bà gígùn nínú àbàtà, kí omi ìwẹ̀ tí a pọn lódò sì wà nínú ìkòkò tí a dé fún ọjọ́ méjì kí a tó wẹ̀ ẹ́, nítorí ọmọ aràn kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí ara ènìyàn wọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ni ti odò. Òkúta inú kíndìnrín, àrùn inú àpò ìtọ̀, àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde àti próstéètì tó wú (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) lè fà á. Àgbàlagbà tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, pàápàá ẹni tó ń mu sìgá tàbí tí àtọ̀sí ajá ti bá jà fún ọdún púpọ̀, gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti dá fúnra rẹ̀. Aláboyún tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ibà àti ìrora ẹ̀gbẹ́ bá mú pẹ̀lú rẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí ìtọ̀ mọ́ nínú kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.