Bí A Ṣe Rí Orúkọ Kejì tí Ó Bá Ayọ̀mídé Mu

Ìyàwó mi ló sọ ọmọkùnrin wa ní Ayọ̀mídé, kò sì sí ẹni tí ó bá a jiyàn, nítorí ọdún 6 ni a fi retí ọmọ náà. Orúkọ kejì ni ó gbà wá ní àkókò. Láti ọjọ́ tí a ti gbé ọmọ dé ojúlé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì títí di òru tí ó ṣáájú ọjọ́ kẹjọ, ìwé kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí mo ń kọ orúkọ sí, tí mo sì ń fa ìlà lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Babátúndé ni àbúrò bàbá mi kọ́kọ́ mú wá, wọ́n sì ní ìdí, nítorí bàbá mi ti jáde láyé ní ọdún méjì ṣáájú kí a tó bí ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí a bí ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá lọ, ti ń jẹ́ Babátúndé, mo sì gbà pé ọmọkùnrin tí ó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn bàbá ni orúkọ náà tọ́ sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Àmọ́ ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Má mú orúkọ tí kò mọ ilé wa wá."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo kọ́kọ́ yọ gbogbo orúkọ tí ó tún ohun tí Ayọ̀mídé ti sọ sọ kúrò, irú bí Ayọ̀délé àti Ayọ̀bámi. Lẹ́yìn náà ni mo yọ Kọ́ládé, nítorí "dé" ni òun náà fi parí, tí a bá sì pe méjèèjì tẹ̀ léra, wọ́n ń dún bí ègbè orin. Àwọn kan fẹ́ràn irú ìró bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ fún orúkọ tí ọmọ yóò máa kọ sínú ìwé títí ayé rẹ̀. Olúwafẹ́rànmí dùn mọ́ mi nínú gan-an ní ti ìtumọ̀, ṣùgbọ́n sílébù 6 ni, Ayọ̀mídé sì ti ní 4, kí a tó wá fi orúkọ ìdílé kún un.

Ohun tí n kò ronú kàn rárá ni fáwẹ̀lì tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Akínwálé ti wọ̀ mí lójú, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì pe orúkọ méjèèjì sókè bí ẹni tí ń pe ọmọ kúrò níbi eré. "Ayọ̀mídákínwálé" ni ó ń jáde lẹ́nu mi. Ìpajẹ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ti gbé fáwẹ̀lì tí ó parí orúkọ àkọ́kọ́ mì. Mo wá rí i pé orúkọ tí kọ́ńsónáǹtì bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò dúró gbọn-in lẹ́yìn Ayọ̀mídé, àti pé níwọ̀n bí Ayọ̀mídé ti parí sí ohùn òkè, èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ ni etí yóò tètè yà sọ́tọ̀.

Màmá mi ló ṣí ọ̀nà fún mi láìmọ̀. Wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń sọ fún un bí bàbá ṣe máa ń kìlọ̀ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré pé kí a tọ́jú "uyì ulé". Iyì ni ìwé ń kọ, ilé ni ìwé ń kọ, ṣùgbọ́n uyì àti ulé ni Èkìtì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni bàbá sì ń pè é títí wọ́n fi lọ. Ibẹ̀ ni Bùsúyì ti sọ sí mi lọ́kàn. Bù sí uyì. Orúkọ bàbá gan-an kò ṣeé sọ ọmọ ní ilé tiwa, nítorí ìyàwó mi kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, kò sì ní lè pe ọmọ tí ó gbé pọ̀n; ṣùgbọ́n nínú Bùsúyì, bí bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ayọ̀mídé lè jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ó lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Fáwẹ̀lì "u" àárín Bùsúyì ni yóò máa sọ ibi tí ọmọ ti wá.

Màmá bi mí ìdí tí n kò fi pè é ní Olúbùsúyì ní kíkún, kí Ọlọ́run lè wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé "O" tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò tún fa ìpajẹ, àti pé tí a bá yọ Olú kúrò, orúkọ àkọ́kọ́ yóò di olùwà fún èkejì: ayọ̀ mi dé, ó sì bù sí iyì wa. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn yóò mú Ọlọ́run tiwọn wá. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí a ti fi oyin, iyọ̀ àti orógbó ṣàdúrà fún ọmọ, wọ́n sọ owó sínú abọ́ omi, wọ́n sì pè é ní Olúwaṣẹ́gun.

Nígbà tí a lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí, òṣìṣẹ́ tí ó dá wa lóhùn kọ "Busiyi", nítorí iyì ni ó mọ̀. Ìyàwó mi ló rí i kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó sì pe orúkọ náà létí ọ̀gbẹ́ni náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n sì kọ "u" sí ibi tí ó yẹ.